Lẹ́tà ṣíṣí sí ẹ̀yin lọ́yà ọmọ Yorùbá ní Houston: Austin ni kí ẹ kọ́kọ́ yà sí

Ẹ̀yin lọ́yà wa,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ kú ìdúró níwájú adájọ́, ẹ kú ìfaradà àwa oníbàárà tí a máa ń pè yín lórí fóònù ní aago méjì òru. Láti Bissonnet dé Missouri City, pátákó yín kò jìnnà síra wọn. Ẹ̀yin lẹ ń bá wa kọ ìwé ìgbélùú, ẹ̀yin lẹ ń jókòó tì wá nígbà tí a bá ń ra ilé, ẹ̀yin náà la sì ń sáré pè bí ọlọ́pàá bá dá ọmọ wa dúró lójú títì. Ọ̀rọ̀ tí mo bá wá lónìí kì í ṣe ti ẹjọ́, nítorí náà ẹ má wulẹ̀ ka wákàtí lé mi lórí.

Níbi ìsìnkú àgbà, níbi ìgbéyàwó, níbi ìsọmọlórúkọ, bí ẹran bá ti dé orí tábìlì tí ọ̀rọ̀ sì ti kan òṣèlú, gbólóhùn kan náà ni mo máa ń gbọ́: ó tó àkókò kí ọmọ wa kan dé Washington. Gbogbo ènìyàn á mirí. N kò tíì gbọ́ kí ẹnì kan sọ pé ó tó àkókò kí ọmọ wa kan dé Austin, olú-ìlú Texas, níbi tí àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀ ti ń jókòó. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, Austin ni òfin tó de ilé-ìwé àwọn ọmọ wa ti ń wá. Ibẹ̀ ni òfin owó orí ilé ti ń wá, òfin ìwé àṣẹ nọ́ọ̀sì, òfin onílé àti ayálégbé, títí kan òfin tó gbé ẹgbẹ́ àwọn lọ́yà Texas kalẹ̀, èyí tí ẹ̀yin fúnra yín fi ń jẹun.

Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ Barbara Jordan, lọ́yà adúláwọ̀ ọmọ Houston tó di aṣòfin ní Austin kó tó dé Washington. Ẹ mọ orúkọ náà. Ilé ìfìwéránṣẹ́ ńlá tó wà ní àárín Houston, èyí tí wọ́n ti sọ di ibi oúnjẹ àti ibi orin báyìí, orúkọ rẹ̀ ló ń jẹ́ kí wọ́n tó tì í ní 2015. Bí ẹ bá wọ bàálù lọ sí Austin, inú gbọ̀ngàn tí wọ́n fi sọrí rẹ̀ lẹ máa bọ́ sí. Ẹ̀yin tí ẹ ka ìwé ní Texas Southern University ti rí orúkọ rẹ̀ lára ògiri níbẹ̀ láìmọye ìgbà. Ṣùgbọ́n bí mo bá ní kí ẹ sọ ohun tó ṣe, ọ̀rọ̀ Ààrẹ Nixon tí wọ́n fẹ́ yọ nípò lẹ máa sọ: ohùn ńlá yẹn, lálẹ́ ọjọ́ 25 oṣù Keje 1974, níwájú ìgbìmọ̀ ìdájọ́ ilé aṣojú-ṣòfin, níbi tó ti sọ fún gbogbo Amẹ́ríkà pé ìgbàgbọ́ òun nínú Ìwé Òfin orílẹ̀-èdè náà pé pérépéré. Ó sọ ọ́ dáadáa, n kò bá a jiyàn. Àmọ́ kó tó dé iwájú kámẹ́rà yẹn, ó ti lo ọdún mẹ́fà ní ilé aṣòfin àgbà Texas. Ọdún mẹ́fà yẹn ni mo fẹ́ kí ẹ tún yẹ̀ wò, bí ẹ ṣe máa ń yẹ ìwé ẹjọ́ wò.

Fifth Ward, ní Houston wa níbí, ni wọ́n bí i sí ní ọjọ́ 21 oṣù Kejì 1936. Bàbá rẹ̀, Benjamin, ń ṣiṣẹ́ nílé ìkẹ́rùsí, ó sì ń wàásù ní ìjọ Onítẹ̀bọmi. Ìyá rẹ̀, Arlyne, náà lẹ́nu ọ̀rọ̀ nínú ìjọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí ọmọ náà fara mọ́ jù ni bàbá ìyá rẹ̀, John Ed Patten, tó ń fi kẹ̀kẹ́ ẹrù kó àlòkù irin àti àkísà tà káàkiri. Ọkùnrin yìí ti ṣẹ̀wọ̀n rí, lórí ẹ̀sùn pé ó yìnbọn lu ọlọ́pàá kan. Ẹ̀yin lọ́yà mọ irú ẹjọ́ tí adúláwọ̀ ń jẹ́ ní Texas láyé ìgbà yẹn. Lọ́jọ́ Ìsinmi, ọmọ-ọmọ rẹ̀ á wà lọ́dọ̀ rẹ̀, bàbá náà á sì máa kọ́ ọ pé kò pọn dandan kó jọ àwọn ọmọ yòókù.

Nígbà tó wà ní Phillis Wheatley High School, lọ́yà obìnrin adúláwọ̀ kan láti Chicago, Edith Sampson, wá bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ tí wọ́n lè ṣe lọ́jọ́ iwájú. Ọjọ́ yẹn ni ọmọ náà ti pinnu pé lọ́yà lòun máa ṣe. Mo ní kí n rán yín létí èyí, nítorí mo mọ iye ìgbà tí àwọn olùkọ́ àdúgbò wa, Alief, ń wá lọ́yà tó máa wá bá àwọn ọmọ sọ̀rọ̀, tí ẹ̀ ń sọ pé ẹ ní kóòtù.

Ó jáde ní 1952. Yunifásítì Texas tó wà ní Austin kò tíì máa gba adúláwọ̀ fún oyè àkọ́kọ́ nígbà náà, ó di 1956. Texas Southern ló lọ, ilé-ẹ̀kọ́ tí ìpínlẹ̀ náà sáré dá sílẹ̀ ní 1947 nítorí pé adúláwọ̀ kan tó ń jẹ́ Heman Sweatt pè wọ́n lẹ́jọ́ pé òun fẹ́ kọ́ òfin ní Austin. Wọ́n rò pé bí àwọn bá kọ́ tiwọn fún wọn lọ́tọ̀, ẹjọ́ á parí. Kò parí. Sweatt borí ní Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní 1950, ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n fi tàn án sì ti dúró ná. Inú ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n fi sá fún òfin ni wọ́n ti wá tọ́ aṣòfin dàgbà. Tom Freeman, tó ń kọ́ wọn ní àríyànjiyàn níbẹ̀, gbé e káàkiri Amẹ́ríkà, wọ́n bá Harvard jiyàn, wọ́n sì jọ ta ọ̀mì. Ó gboyè ní 1956, ó kọjá sí Boston University láti kọ́ òfin. Obìnrin adúláwọ̀ méjì péré ló wà nínú kíláàsì rẹ̀, ọmọ Houston ni àwọn méjèèjì. Ó jáde ní 1959, ó yege ìdánwò lọ́yà ti Massachusetts àti ti Texas, ó kọ́ni fún ọdún kan ní Tuskegee, ó sì padà wálé.

Ọ́fíìsì àkọ́kọ́ tó ní, tábìlì ìjẹun àwọn òbí rẹ̀ ni. Ìwé ìhágún, ìkọ̀sílẹ̀, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ àti ilé àwọn ará àdúgbò. Kò sí ẹjọ́ ńlá kan tí wọ́n máa fi sọ ìtàn rẹ̀ níbẹ̀, mo sì fẹ́ràn bẹ́ẹ̀. Púpọ̀ nínú yín náà bẹ̀rẹ̀ lórí tábìlì ìjẹun.

Ní 1960, ó lọ yọ̀ǹda ara rẹ̀ fún ìpolongo Kennedy àti Johnson ní Harris County, ìyẹn county tí Houston wà. Iṣẹ́ tí wọ́n fún un ni kó máa fi itọ́ lẹ àpòòwé. Lálẹ́ ọjọ́ kan, ẹni tó yẹ kó sọ̀rọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì kan kò lè wá, ni wọ́n bá tì í síwájú. Wọ́n kò tún padà gbé àpòòwé fún un mọ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ohùn nìkan ló fi ṣiṣẹ́. Ó bá wọn ṣètò kí ẹnì kọ̀ọ̀kan máa bójú tó òpópónà kan, kó mọ ilé tí olùdìbò wà, kó sì rí i pé onítọ̀hún jáde lọ́jọ́ ìdìbò. Iṣẹ́ ẹsẹ̀ ni, iṣẹ́ kíkan ilẹ̀kùn lọ́sàn-án gangan, iṣẹ́ tí àwa máa ń rò pé àwọn tí kò kàwé ni wọ́n ń ṣe é.

Ní 1962, ó du ilé aṣojú-ṣòfin ìpínlẹ̀. Ẹni tó rọ̀ ọ́ pé kó du ipò náà ló yá a ní 500 dọ́là tí wọ́n ń san kí orúkọ ènìyàn tó wọ ìwé ìdìbò. Ó fìdí rẹmi. Ó tún du ú ní 1964, ó tún fìdí rẹmi, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ó lọ káàkiri fúnra rẹ̀, ó sì sọ̀rọ̀ ju ẹni tó bá a du ú lọ. Kí ló dé? Ẹ wo bí wọ́n ṣe gbé ìdìbò náà kalẹ̀. Gbogbo Harris County pátá ni wọ́n kà sí ẹkùn kan ṣoṣo. Ẹni tó bá fẹ́ ìjókòó kan gbọ́dọ̀ gba ìbò káàkiri county, láti Fifth Ward títí dé àwọn àdúgbò olówó tí wọn kò tíì rí adúláwọ̀ rí àfi ẹni tó ń bá wọn se oúnjẹ. Adúláwọ̀ dìbò fún un gan-an, ìyẹn kò sì tó. Owó orí ìdìbò náà ṣì wà lọ́rùn àwọn tálákà, dọ́là kan ààbọ̀ ó lé díẹ̀ lọ́dọọdún, èyí tí Texas ti ń gbà láti ọdún 1902.

Ẹ dákun, ẹ fara balẹ̀ níbí, torí ibí yìí gan-an ni mo ṣe ń kọ lẹ́tà. Obìnrin yìí kò yí padà láàárín 1964 sí 1966. Ohùn rẹ̀ kò dára sí i, ìwé ẹ̀rí rẹ̀ kò pọ̀ sí i. Òfin ló yí padà. Ní 1964 Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ dájọ́ nínú ẹjọ́ Reynolds lòdì sí Sims pé ìbò ènìyàn kan kò gbọdọ̀ tóbi ju ti ẹlòmíràn lọ, pé gbogbo ìpínlẹ̀ gbọ́dọ̀ pín ẹkùn aṣòfin wọn bí ènìyàn ṣe pọ̀ tó. Texas ní láti tún ẹkùn pín. Owó orí ìdìbò náà kú: àtúnṣe kẹrìnlélógún sí Ìwé Òfin pa á fún ìdìbò àpapọ̀ ní 1964, ilé ẹjọ́ pa á fún ìdìbò ìpínlẹ̀ ní 1966. Nígbà tí wọ́n tẹ́ àwòrán tuntun sílẹ̀, ẹkùn kọkànlá ilé aṣòfin àgbà mú Fifth Ward àti àwọn àdúgbò òṣìṣẹ́ tó yí i ká. Jordan rí i pé àwọn tó ti ń dìbò fún òun látẹ̀yìnwá ló pọ̀ níbẹ̀. Àwọn adúláwọ̀ kò tó ìdajì ẹkùn náà o. Òṣìṣẹ́ aláwọ̀ funfun wà níbẹ̀, ọmọ Mẹ́síkò wà níbẹ̀. Ẹni tó bá a du ú nínú ìdìbò abẹ́lé ẹgbẹ́ Democrat, aláwọ̀ funfun kan tó ti jẹ́ aṣòfin tẹ́lẹ̀, tẹ ìwé ìpolongo tó fi ń béèrè bóyá aláwọ̀ funfun lè wọlé níbẹ̀. Jordan dáhùn lórí pèpéle pé rárá, kì í ṣe lọ́tẹ̀ yìí. Ó fẹ̀yìn ọkùnrin náà gbálẹ̀.

Láti 1883, adúláwọ̀ kankan kò jókòó mọ́ nílé aṣòfin àgbà Texas. Walter Burton wà lára àwọn tó jókòó níbẹ̀ gbẹ̀yìn, ẹni tí wọ́n kó wá sí Fort Bend gẹ́gẹ́ bí ẹrú, tó sì padà di ṣẹ́ríìfù níbẹ̀. Fort Bend yẹn náà ni ẹ̀yin ń kọ́ ilé alájà sí báyìí, mélòó nínú yín ló mọ orúkọ rẹ̀? Ní oṣù Kíní 1967, Jordan wọlé. Ọgbọ̀n ọkùnrin, òun nìkan ni obìnrin.

Kí ló ṣe níbẹ̀? Ó kọ́kọ́ ka ìwé òfin ìṣe ilé náà. Lọ́yà ni, ó mọ̀ pé ẹni tó mọ ìlànà kóòtù lè borí ẹni tó mọ òfin. Dorsey Hardeman, bàbá arúgbó kan láti San Angelo, ló mọ ìlànà ilé náà ju gbogbo wọn lọ. Èrò òun àti Jordan kò jọra rárá. Jordan sún mọ́ ọn, ó kọ́ ohun tó mọ̀. Ó bá àwọn yòókù jẹun, ó bá wọn lọ síbi ìgbafẹ́, ó ta gìtá fún wọn. Inú bí àwọn kan ní Houston sí èyí. Wọ́n ní ó ń bá àwọn tó ni wá lára rẹ́rìn-ín. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ẹ̀rín náà rà.

Nílé yẹn, àwọn mọ́kànlélógún nínú àwọn mọ́kànlélọ́gbọ̀n gbọ́dọ̀ gbà kí wọ́n tó lè gbé àbádòfin jáde fún àríyànjiyàn. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé bí àwọn mọ́kànlá bá kọ̀, ó ti kú. Nígbà tí àbádòfin kan dé tó máa jẹ́ kó ṣòro fún tálákà láti forúkọ sílẹ̀ fún ìdìbò, Jordan kò dìde pariwo. Ó lọ bá àwọn sẹ́nétọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, títí kan àwọn tó ti ràn lọ́wọ́ rí lórí àbádòfin tiwọn. Mẹ́wàá ṣèlérí fún un, òun fúnra rẹ̀ ṣìkọkànlá. Ó wá lọ fi orúkọ wọn han ẹni tó gbé àbádòfin náà wá. Ọkùnrin náà kà á, ó sì jẹ́ kó kú síbẹ̀. Kò sí kámẹ́rà, kò sí àtẹ́wọ́. (Wọ́n ti ń gé ìlànà yẹn kù láti 2015. Lónìí ènìyàn méjìdínlógún ló máa ń gbé àbádòfin jáde, nítorí náà ẹni tó bá fẹ́ dí i lọ́nà gbọ́dọ̀ kó mẹ́rìnlá jọ.)

Òfin owó iṣẹ́ tó kéré jù lọ tí Texas kọ́kọ́ ní, òun ló wà nídìí ẹ̀. Ti ìjọba àpapọ̀ ti wà tipẹ́, ṣùgbọ́n ó fo àwọn kan: òṣìṣẹ́ oko, àwọn obìnrin ilé ìfọṣọ. Àwọn yẹn gan-an ni ará Fifth Ward. Ó bá wọn fi kún owó tí wọ́n ń san fún òṣìṣẹ́ tó bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́. Ó jà kí ìgbìmọ̀ wà tí yóò máa gbọ́ ẹjọ́ àwọn tí wọ́n fi àwọ̀ dù níṣẹ́, ó sì jà kó wọnú ìwé àdéhùn tí ìpínlẹ̀ bá ń bá agbaṣẹ́ṣe ṣe pé kò sí ìyàtọ̀ àwọ̀. Ẹ tún wo irú òfin wọ̀nyí dáadáa. Kò sí ọ̀kan níbẹ̀ tí ó máa mú kí ènìyàn sunkún nígbà tó bá ń gbọ́ ọ. Ó mú kí alágbàfọ̀ gba owó tó sàn ju ti àná lọ ni.

Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹta 1972, àwọn ọkùnrin yẹn dìbò yàn án sí ipò ààrẹ ilé fún ìgbà díẹ̀, obìnrin adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tó dé irú ipò bẹ́ẹ̀ nílé aṣòfin kankan ní Amẹ́ríkà. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹfà, gómìnà àti igbákejì rẹ̀ kúrò nílùú fún un, ó sì di gómìnà Texas fún ọjọ́ kan. Bàbá rẹ̀ wà níbẹ̀, ó rí i. Àìsàn dá a dùbúlẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, ó sì kú lọ́jọ́ kejì.

Ìjà tó tẹ̀ lé e kò gbọdọ̀ sọnù nínú ìtàn yìí. Nígbà tí wọ́n tún ẹkùn pín ní 1971, wọ́n gé ẹkùn Washington tuntun kan jáde ní àárín Houston, ìkejìdínlógún, èyí tó bá Jordan mu bí aṣọ tí wọ́n wọ̀n sí i lára. Ẹkùn tirẹ̀ ní ilé aṣòfin àgbà, wọ́n fọ́ ọ. Wọ́n pín àwọn adúláwọ̀ ibẹ̀ mọ́ àárín àwọn aládùúgbò funfun. Curtis Graves, adúláwọ̀ tó wọ ilé aṣojú-ṣòfin ìpínlẹ̀ lọ́dún kan náà pẹ̀lú rẹ̀, fẹ̀sùn kàn án ní gbangba pé ó ta ìjókòó àwọn ènìyàn rẹ̀ kó lè rí Washington. Wọ́n bá ara wọn du ìdìbò abẹ́lé 1972, Jordan sì nà án lánàátúnnà. Síbẹ̀, ẹ̀sùn Graves kò ṣe é gbọ̀n dànù. Lẹ́yìn tí Jordan lọ, adúláwọ̀ kankan kò tún wọ ilé aṣòfin àgbà Texas títí di 1983, nígbà tí Craig Washington wọ ibẹ̀. Ọdún mẹ́wàá gbáko. N kò gbà pé ó ta ẹnikẹ́ni, nítorí pé òun nìkan kọ́ ló mú ọ̀bẹ dání lọ́jọ́ tí wọ́n ń gé ẹkùn. Ṣùgbọ́n òfo yẹn jẹ́ òfo, àwọn ará Fifth Ward ló sì san án. Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ fi Austin ṣe àtẹ̀gùn, ẹ máa rántí pé ẹnì kan gbọ́dọ̀ wà tí yóò jókòó síbi tí ẹ bá dìde.

Ti Washington kò ní gùn, ẹ mọ̀ ọ́n. Òun àti Andrew Young ti Georgia ni adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tí Gúúsù rán lọ síbẹ̀ láti 1901. Lyndon Johnson, tó ti jẹ́ ààrẹ rí, bá a rí ààyè nínú ìgbìmọ̀ ìdájọ́, Nixon sì bá a níbẹ̀. Ohun tí àwọn ènìyàn kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ ni ti 1975: nígbà tí òfin ẹ̀tọ́ ìdìbò tí wọ́n ṣe ní 1965 fẹ́ parí, ó bá wọn nà án kó lè mú Texas náà, kó sì dáàbò bo àwọn tí Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe èdè abínibí wọn. Ẹni tó ti rí bí wọ́n ṣe ń gbìyànjú àtidí ọ̀nà ìdìbò ní Austin wà lára àwọn tó kọ òfin yẹn. Ní 1976, ó sọ ọ̀rọ̀ ìṣíde ní àpéjọ ẹgbẹ́ Democrat ní New York. Ní 1979, ó kúrò, ó lọ ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Austin, ní yunifásítì tí kò bá gbà á ní 1952. Láti 1973 ni àrùn multiple sclerosis ti ń jẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ nílẹ̀, kò sì sọ ọ́ fún gbogbo ayé.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ọ̀pọ̀ nínú yín tó ń ṣe ìwé ìgbélùú kò ní fẹ́ kí n mẹ́nu kàn. Ìgbìmọ̀ tó darí lórí ọ̀rọ̀ ìwọlé àjèjì, láti 1994 títí tó fi kú, dábàá ní 1995 pé kí iye àwọn tí wọ́n ń gbà wọlé lọ́dọọdún wá sí 550,000, kí wọ́n sì fagi lé ọ̀nà tí ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà fi ń mú ẹ̀gbọ́n àti àbúrò wá. Bí àbá yẹn bá di òfin ni, kí ló kù nínú Alief? Kò di òfin. N kò ní tìtorí èyí fi í pamọ́, bẹ́ẹ̀ ni n kò ní bá a gbà á. Aṣòfin tí gbogbo ìpinnu rẹ̀ bá wù wá kò tíì délé ayé.

Ó kú ní Austin ní ọjọ́ 17 oṣù Kíní 1996. Adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n sin sí ibi ìsìnkú ìpínlẹ̀ Texas ni.

Ó kù ọ̀rọ̀ tiyín. Òfin kò ní kí ẹni tó máa jẹ́ aṣòfin ìpínlẹ̀ ní Texas jẹ́ ẹni tí wọ́n bí síbí. Bí ẹ bá ti di ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, tí ẹ pé ọmọ ọdún 21, tí ẹ ti gbé Texas fún ọdún méjì àti ẹkùn yín fún ọdún kan, ilé aṣojú-ṣòfin ṣí sílẹ̀ fún yín. Ti ilé aṣòfin àgbà jẹ́ ọdún 26, ọdún márùn-ún ní Texas, ọdún kan nínú ẹkùn. Owó ìforúkọsílẹ̀ jẹ́ 750 dọ́là fún ilé aṣojú-ṣòfin, 1,250 fún ilé àgbà. Mo ti rí ibi tí a ti na owó tó ju ìyẹn lọ mọ́ iwájú orí olórin kí ó tó kọ orin kejì, n kò sì ní dárúkọ ẹni tó na án.

Owó oṣù ibẹ̀ kò tó nǹkan: 600 dọ́là lóṣù, pẹ̀lú owó oúnjẹ àti ibùsùn ní àwọn ọjọ́ ìjókòó. Ọjọ́ 140 ni wọ́n fi ń jókòó, láti oṣù Kíní ọdún 2025, 2027, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdí nìyẹn tí lọ́yà fi pọ̀ níbẹ̀, nítorí pé lọ́yà lè ti ìlẹ̀kùn ọ́fíìsì díẹ̀ kó sì padà wá ṣí i. Àmọ́ ẹ ṣọ́ra fún ohun kan. Òfin Texas fún aṣòfin tó bá jẹ́ lọ́yà láyè láti ní kí kóòtù sún ẹjọ́ rẹ̀ síwájú nítorí ìjókòó. Àwọn kan wà tí oníbàárà olówó ń gbà wọ ẹjọ́, kì í ṣe nítorí ìmọ̀ wọn, bí kò ṣe kí ẹjọ́ náà lè falẹ̀ kí olùpẹ̀jọ́ sú. Ẹni tó bá gba irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ nínú yín, kó má wá bá wa fún ìbò.

Ẹ má sì rò pé ìbò Yorùbá ló máa gbé yín wọlé. A fọ́n ká sí Alief, Richmond, Katy, Cypress, Missouri City. Kò sí ẹkùn kan tí àwa nìkan lè mú. Esther Agbaje, lọ́yà tó kàwé ní Harvard, wọ ilé aṣojú-ṣòfin Minnesota ní ìdìbò 2020 láti Minneapolis, ó sì kọ́kọ́ nà ẹni tó wà lórí ìjókòó náà nínú ìdìbò abẹ́lé. Kì í ṣe àwọn Agbájé àti Adéyẹmí ìlú yẹn ló dìbò fún un tó fi wọlé. Ọmọ Vietnam tó ń ta nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ́fíìsì yín ní Bellaire, ìyá ọmọ Salvador tó ń bá yín gbá ọ́fíìsì, pásítọ̀ adúláwọ̀ tí ẹ kì í kí, àwọn ni ẹkùn yín. Ẹ lọ kí wọn.

Ìforúkọsílẹ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kọkànlá ọdún tó ṣáájú ìdìbò, ó máa ń parí ní oṣù Kejìlá, ìdìbò abẹ́lé á sì wáyé ní oṣù Kẹta. Ohun tí mo ń bẹ̀ yín kò ju èyí lọ: nígbà tí ẹgbẹ́ bá tún pé jọ, kí lọ́yà kọ̀ọ̀kan mọ nọ́ńbà ẹkùn ilé aṣojú-ṣòfin tí ilé rẹ̀ wà, kó mọ orúkọ ẹni tó jókòó níbẹ̀ báyìí, kó sì mọ iye ìbò tí onítọ̀hún fi wọlé. Kí ẹ kọ ọ́ sórí ìwé wá. A ó bá yín wá 750 dọ́là náà.

Èmi ni tiyín,
Ọmọ Yorùbá kan ní Alief